Róbà Tẹ́ẹ́rẹ́ Inú Bàbá Mi

Nígbà tí ojú Daddy kọ́kọ́ pọ́n, ibà pọ́njú la pè é. Wọ́n ti ń ta sípéà pátì ní Owódé Onírin kí wọ́n tó bí mi, wọn kì í sì í gbà pé ó rẹ àwọn. Àgbo ni wọ́n mu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí ìtọ̀ wọn dúdú, tí ara ń yún wọn débi pé awọ ń bó, ni wọ́n tó gbà kí n gbé àwọn lọ sí ọsibítù.

Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ni dókítà tó ṣàlàyé fún wa. Ó ní kókó kan wà lára páńkíríà, ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlùkù, tó ń ṣe omi tó ń mú oúnjẹ dà. Àwọn máa gé ibi tí kókó náà wà kúrò, àwọn á sì rán èyí tó kù mọ́ ìfun. Ojú rírán yẹn gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù. Tí omi náà bá jò níbẹ̀, ẹran ara ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Torí náà, wọ́n máa ki róbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ gba ojú rírán, wọ́n á yọ ẹnu rẹ̀ síta lára ikùn, kí omi lè máa kán sínú àpò títí ibẹ̀ á fi jinná. Stẹ́ǹtì ló pè é. Ó ní kò sọ pé kò lè jò mọ́ o, ó kàn ń dín ewu kù ni.

Àárọ̀ ni Daddy wọlé iṣẹ́ abẹ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé wọn jáde. Mummy ń fa tẹ̀súbáà, èmi ń ka táìlì ilẹ̀.

Omi inú àpò náà mọ́ gaara bí omi òjò. Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo gbé ògì dé láti Ketu, mo wo àpò náà, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ara Daddy gbóná. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì, ó lọ pe dókítà. Daddy di ọwọ́ mi mú.

“Tó bá ti jò, sọ fún mi. Má fi pamọ́.”

“Daddy, mi ò mọ̀.”

“Ẹ̀rù ń bà mí,” ni wọ́n wí.

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí láyé mi. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà dé, ó fi ìka tọ róbà náà títí dé abẹ́ ẹ̀yìn wọn. Daddy ti sùn lé e, ó sì ti ká mọ́ra. Dókítà tọ́ ọ. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ kò ní ká yọ̀. Ó gba díẹ̀ nínú omi náà, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní ká dúró de èsì àyẹ̀wò. Mummy ò jẹun títí di ọjọ́ kejì, tí èsì dé pé ojú rírán ò jò; òtútù àyà tó mú wọn díẹ̀ ló fa ibà.

Daddy gbé róbà náà wálé sí Ikosi. Lárààárọ̀ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kí wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dókítà gé okùn tó dì í mú, ó fà á yọ kí Daddy tó mí tán.

Wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, ìdajì ọjọ́. Wọ́n ní kí n yéé pe àwọn ní wákàtí wákàtí. Mo ṣì ń pè.