Adájọ́ Tí Kò Fẹ́ Sọ Pé Rárá

Olùkọ́ ni èmi àti ọkọ mi ní Ẹ̀fọ̀n. Ó bẹnu àtẹ́ lu ìjọba ológun ní ìpàdé àwọn olùkọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wá gbé e lọ. Wọn kò fẹ̀sùn kàn án, wọn kò sì sọ ibi tó wà fún wa.

Lọ́yà wa, ọmọ Àrámọkọ kan tí ẹ̀wù dúdú rẹ̀ tóbi jù ú lọ, wá ṣàlàyé fún wa ní pálọ̀. Ó ní àwọn ìjọba Áfíríkà ti jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé a kì í ti èèyàn mọ́lé lásán. Nàìjíríà náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ sọ ọ́ di òfin nílé. Àmọ́ àwọn sójà ti pàṣẹ pé kí kóòtù kankan má bi àwọn léèrè. Bí adájọ́ ní Adó bá sọ pé ọwọ́ òun kò tó o, a lè gbé ẹjọ́ náà lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Gáńbíà. “Wọn kò ní dá wa lóhùn bí a ò bá tíì parí tilé.”

Ọ̀rọ̀ náà yé bàbá ọkọ mi kíá. “Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. A kì í fo olórí ẹbí lọ sí ààfin. Ulé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.”

Adájọ́ wa jẹ́ aláàánú, ibẹ̀ sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dé iwájú rẹ̀, á wojú bàbá ọkọ mi, á gbọ́ ti lọ́yà tán, á sì sún ẹjọ́ síwájú. Kò lè dá ọkọ mi sílẹ̀, kò sì fẹ́ sọ pé òun kò lè dá a sílẹ̀. Inú Bàbá a máa dùn, torí pé ọba tó bá ní kí ẹ padà wá kò tíì lé yín. Wọ́n á ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Kì í ṣe wàrà kìnnìún ni mò ń wá ní tèmi, ọkọ mi ni. Mo ti gbọ́ pé àyà ń dùn ún níbi tí wọ́n tì í mọ́, àánú adájọ́ yìí ló sì dí wa lọ́nà òde, ìyẹn Gáńbíà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá ń gbàdúrà kí adájọ́ má sọ pé rárá. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń bẹ Ọlọ́run kan náà pé kí adájọ́ tètè sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti ṣe àmín.

Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀ ná. Ó ní òun mọ àdéhùn náà, òun gbà pé òfin ni, ṣùgbọ́n àṣẹ ológun ti di òun lẹ́nu. Mo ti dáhùn pé “Ẹ ṣeun, sà” kí n tó mọ̀. Lọ́yà ń rẹ́rìn-ín, ó ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

Bàbá kò dìde. “Ìyàwó, ṣé wọ́n lé wa ni?”

“Wọ́n lé wa, Bàbá. Ó ku ti òde.”

Wọ́n tún bi mí pé, “Ta la mọ̀ níbẹ̀?”

“A ò mọ ẹnikẹ́ni, Bàbá.”