Ohùn Tó Ń Gba Ara Ògiri Ilé Igbá

Kékeré ni mo wà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí wọ́n kọ́ Ilé Igbá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Owó epo rọ̀bì ti dé ìlú, símẹ́ńtì wà káàkiri, àwọn bàbá àdúgbò sì dáwó jọ kọ́ gbọ̀ngàn kan tí gbogbo wa á máa lò. Ó rí róbótó láti ìsàlẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so yìgì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya. Bí òjò bá ká àwọn aláta tó ń bọ̀ láti Ṣáṣá mọ́ ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí, òórùn ata rodo kò sì ní tètè kúrò níbẹ̀.

Àwa ọmọdé ló ń gbá a láràárọ̀ Sátidé. Bí a bá gbá a tán, eré yá. Ẹnì kan á fi ẹnu sún mọ́ ògiri, ẹnì kejì á lọ fi etí lé ògiri lọ́hùn-ún. Ẹni àkọ́kọ́ á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ọ̀rọ̀ náà á gba ara ògiri yí po, á sì bọ́ sí ẹnì kejì létí bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé kò fẹ́ kí a fi ẹnu ba ọ̀dà òun jẹ́. Ẹni tó bá mú á kúnlẹ̀ sínú oòrùn, á ká ọwọ́ sókè. Ìbídùn ni mo sábà ń bá ṣeré yìí. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ilé wọn sì fara ti ilé kéwú wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ògiri bá mi sọ ni: "Orí ẹ rí róbótó bí ilé yìí."

Ọjọ́ tí mo máa parí kéwú wá dé, Ilé Igbá náà ni a sì ti fẹ́ ṣe é. Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti pa àgbò, ó ti rán agbádá kékeré fún mi, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti wọkọ̀ wá láti ilé. Àṣà wa ni pé ọmọ á dá dúró níwájú àwọn àgbà, á ka ibi tí wọ́n bá yàn fún un láìwo wàláà. Bí kò bá kà á já, á padà sí ìdí wàláà, àwọn àlejò á sì jẹ ẹran bàbá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn Aládùúrà fẹ́ ṣe ìkórè tiwọn níbẹ̀. Wọ́n tètè dé, tàwọn ti aṣọ funfun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn, àwọn àgbà wa sì ní kí wọ́n jókòó sẹ́yìn títí a ó fi ṣe tán. Ẹ̀bá ògiri ni wọ́n mú mi dúró sí. Mo kà á dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ bá fò lọ lórí mi. Ààfáà ń wò mí. Bàbá mi dorí kodò, ó ń fọwọ́ pa etí agbádá rẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ gbólóhùn tó kàn létí mi, wúyẹ́wúyẹ́. Mo gbé e, mo kà á dópin. Bàbá mi gbórí sókè. Lọ́hùn-ún, Ìbídùn kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ.

Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ariwo yín kì í jẹ́ ká sùn lọ́sàn-án. Ṣé kí n má wá mọ̀ ọ́n ni?"

Òun ni mo padà fẹ́. Títí a fi darúgbó, bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù lẹ́nu mi, òun ló ń bá mi sọ ọ́, kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a.

Ilé Igbá ṣì wà. Wọ́n ti fi táìlì sí i, owó ni wọ́n fi ń háyà rẹ̀, ọmọdé kankan kì í gbá a mọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ògiri ń ṣe. Láìpẹ́ yìí, mo bá aládùúgbò mi lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ṣàdédé kú, gbogbo ilé sì dákẹ́ díẹ̀. Mo sún mọ́ ògiri.

"Ìbídùn, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Mo fi etí lé e títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀ padà.