Ọjọ́ Tí Bernadette Di Ìyàwó

Bí ẹ bá béèrè ilé Bernadette Fọláyan ní Ìdànrè, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kó tó júwe ilé náà fún yín. Obìnrin yìí fẹ́ràn ìbéèrè ju oúnjẹ lọ. Nígbà kan tí ọkùnrin tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kòkó wò bọ inú àpò kòkó rẹ̀, tó ní kòkó náà kò tíì gbẹ dáadáa, Bernadette kò bá a jà. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni irin yẹn ṣe mọ̀?" Ọkùnrin náà ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Fọláyan, ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, kú nígbà tí Ṣèyífúnmi, ọmọbìnrin wọn, wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí Jésùtófínmi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Oko kòkó kan ló fi sílẹ̀ fún wọn, oko yẹn sì ni Bernadette fi ń tọ́ wọn kí Anthony Akínlẹ́yẹ tó ti Amẹ́ríkà dé láti wá sin ìyá rẹ̀ ní Atosin. Ìyàwó Anthony ti kú. Ó ti gba ìwé ọmọ onílùú lọ́hùn-ún, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn ló sì ń wà. Bernadette bi í bóyá àwọn arúgbó náà kò bímọ tó lè gbé wọn lọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Anthony ń rò ṣáá, títí tó fi wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ìdílé méjèèjì ṣe ìdána, wọ́n sì fa Bernadette lé ọkọ lọ́wọ́. Anthony padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó tún wálé ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́. Ó wá kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gba ìyàwó òun àti àwọn ọmọ méjèèjì láyè láti wá bá òun.

Wọ́n gba ti Bernadette. Wọ́n gba ti Jésùtófínmi. Wọ́n kọ ti Ṣèyífúnmi. Wọ́n ní ọmọ tí ìyàwó bá mú wá sílé ọkọ kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún méjìdínlógún lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣègbéyàwó. Ṣèyífúnmi sì ti pé e ní oṣù kìíní ọdún 2022.

"Ẹ máa lọ, Màámi," Ṣèyífúnmi sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Mo máa tọ́jú oko."

"Bí o kò bá lọ, kò sẹ́ni tó ń lọ. Ṣùgbọ́n kí ni oṣù méje péré fi kún ọ lára tí o kò fi lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́?"

"Ẹnu rẹ̀ ló gùn sí i," ni Jésùtófínmi wí.

"Panu dé, jàre!" ni Ṣèyífúnmi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Bernadette gbádùn. Ó mú ìwé yẹn lọ bá Benedict, lọ́yà kan ní Àkúrẹ́, ó sì pe Anthony sórí fóònù kí òun náà lè máa gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó bi lọ́yà, "kí ni òfin wọn ń pè ní ìgbéyàwó?"

"Èyí tí òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é bá gbà ni, Màmá."

"Ṣé òfin tiwa gba ìdána?"

"Ó gbà á. Tí ìdílé méjèèjì bá ti fẹnu kò, tí wọ́n ti fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ti délẹ̀."

Bernadette kọjú sí fóònù. "Bàbá Ṣèyí, ọjọ́ wo lẹ kọ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ mi?"

"Ọjọ́ tí a lọ sí Àkúrẹ́."

"Ìdána ńkọ́?"

"Mi ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Mo rò pé lójú òyìnbó, ohun tí kò bá ti ní òǹtẹ̀, eré la ṣe."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Bernadette wí, ojú sì tì í. Nínú gbogbo ohun tó ti ń béèrè láti kékeré, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìyẹn rí.

Lọ́yà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ṣèyífúnmi lọ́jọ́ ìdána, nítorí náà kí wọ́n lọ forúkọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ náà sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀wẹnà, kí àgbà kan láti ìdílé kọ̀ọ̀kan wá jẹ́rìí. Bernadette mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ògúndípẹ̀ lọ, ó sì mú àbúrò bàbá Anthony, Bàbá Akínlẹ́yẹ, láti Atosin. Ṣèyífúnmi tẹ̀ lé wọn. Olúrónkẹ́, akọ̀wé tó wà níbẹ̀, yí ìwé sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ ti gba ìyàwó lọ́jọ́ náà?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣebí wọ́n mú un dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó mi bu omi tútù, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé."

"Ó dáa, sà."

"Mi ò tíì parí! Àwọn ọmọ méjèèjì dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí àlejò. Mo ní kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ tiwọn náà. Èyí àgbà yìí ń tijú, ó ní òun kì í ṣe ìyàwó. Mo ní, ta ló pè ọ́ ní ìyàwó? Ọmọ wa ni ọ́. Gbé ẹsẹ̀ wá!"

"Kò sí àyè ẹsẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù yìí o, Bàbá."

"Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Olúrónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó fa bébà mìíràn yọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ bí Bàbá ṣe sọ ọ́, àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, Bàbá sì tẹ̀ka sí i. Bernadette wo ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Bernadette rò pé àwàdà ni Bàbá ń ṣe.

Benedict kó àwọn ìwé náà ránṣẹ́, Anthony sì kọ lẹ́tà tirẹ̀ pé òun ni òun ṣàṣìṣe. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi dúró. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bernadette ń pe lọ́yà, títí tí ọkùnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Nígbà tí èsì dé, Ṣèyífúnmi ló kà á. Wọ́n ti gbà pé ọmọ Anthony ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Pe Bàbá Atosin kó o tó pe Dádì rẹ," ni ìyá rẹ̀ wí.

Fóònù Bàbá kò lọ. Ni wọ́n bá gun ọ̀kadà, ó di Atosin. Wọ́n bá a níbi tó ti ń sá kòkó, wọ́n sì ròyìn fún un.

"Mo ti sọ fún wọn," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ wo lẹ ń lọ?"

"Wọn ò tíì sọ, Bàbá. Wọ́n ṣì máa pè wá sí Èkó fún físà."

"Ìyẹn ni pé ẹ ṣì ráyè. Ṣèyí, gbé igi yẹn, bá mi tú kòkó yìí ká."