Ewé Tí A Kò Mú Kúrò ní Oríta Òkè Agbe

Oyèrónkẹ́ tó ń ránṣọ ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Bí oníbàárà bá ní bùbá fún òun lápá, a tú u, a tún un rán, a sì dá a padà fún un tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi jẹ́ aya Adébóyè, ọkùnrin tí ìjọba gbà síṣẹ́ nínú igbó ọba tó wà lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ gé igi tàbí kó pa ẹran. Inú igbó yẹn ni Òkè Agbe wà. Òkè náà kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n igi bò ó láti ìsàlẹ̀ títí dé góńgó. Adébóyè ló fi àdá la ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn àlejò ń gbà gùn ún. Òun ló ń fi ọ̀dà funfun sàmì sára igi, òun ló ń gbẹ́ àtẹ̀gùn síbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀, òun náà ló sì ń tọ́jú ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ sí nígbà tí wọ́n bá dé àti nígbà tí wọ́n bá ń lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1988, lẹ́yìn òjò ńlá kan, Adébóyè kò wálé. Ọjọ́ kẹta ni àwọn tó ń wá a tó rí òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ àpáta, lápá ibi tí odò ń gbà ṣàn. Wáyà tí wọ́n fi ń dẹ ẹtu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá kan tó ti Ọ̀yọ́ wá wo wáyà náà, ó wo òkú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé pàkúté ni olùṣọ́ náà lọ dẹ.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìkòyí-Ilé ṣáájú òkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ni Adébóyè ti fà lé ìjọba lọ́wọ́ rí nítorí ẹran igbó, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, Ọlọ́runnísọ̀lá, ẹni tó sùn sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé ẹnu ọ̀nà agboolé, Ọlọ́runnísọ̀lá dúró sáàárín ọ̀nà.

"Ẹni tó mú mi nítorí ẹtu, òun náà kú sídìí ẹtu," ló wí. "Ẹ gbé e lọ. A kì í sin olè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa."

Bí wọ́n ṣe gbé Adébóyè padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ìjọ Aládùúrà tí òun àti aya rẹ̀ ń lọ ló sin ín sí ilẹ̀ ìjọ, láàárín àwọn tí kò bá a tan.

Èyí dun Oyèrónkẹ́ ju ikú náà lọ. Kò sí ẹni tó lè bá ikú wíjọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè bá irọ́ wíjọ́. Kí orúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì tún pè é ní ọmọ bàbá òun, ohun kan ṣoṣo tó kù tí ó ń wá nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin ará Ìkòyí-Ilé kan gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì bi í lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ìyá Grace, ẹran wo lẹ sè lónìí, ti ọjà ni àbí ti ìjọba?" Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Oyèrónkẹ́ ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kó tó rí i pé abẹ́rẹ́ ti gún òun níka, pé ẹ̀jẹ̀ ti kán sára aṣọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó bẹ Stephen, ẹni tí òun àti Adébóyè jọ ń ṣiṣẹ́, pé kó mú òun dé ibi tí ọkọ òun ti ṣubú. Wọ́n gun òkè náà ní òwúrọ̀, Stephen níwájú, òun lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n rìn dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí méjì, Oyèrónkẹ́ dúró. Ẹ̀ka igi eléwé kan ni wọ́n fi dábùú ọ̀nà apá òsì, èyí tó tẹ́jú. Ewé náà ti rọ, ó sì ti ń gbẹ.

Kò sí arìnrìn-àjò ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ àṣà yìí. Ẹni tó bá ṣáájú dé oríta yóò já ewé dí ọ̀nà tí òun kò gbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí òun forí lé. Adébóyè a máa kọ́ gbogbo àlejò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì máa fi kún un pé bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n mú ewé náà kúrò, kí òun lè mọ̀ pé wọ́n ti bọ̀.

Oyèrónkẹ́ béèrè ẹni tó fi ewé síbẹ̀. Stephen kò mọ̀. Ó ní ọ̀sán ni òun ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí ọmọ òun tí ara rẹ̀ gbóná, àti pé ẹ̀gbẹ́ odò ni àwọn tó wá òkú gbà wọlé, kò sí ẹni tó gba oríta yìí kọjá. Wọ́n padà sí ahéré tí ìwé àlejò wà, ìwé tí ọ̀gá láti Ọ̀yọ́ kò tilẹ̀ ṣí. Orúkọ ẹyọ kan ló wà fún ọjọ́ náà: Waliyat, olùkọ́, láti ìlú Ọ̀yọ́. Ó kọ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ síbi àkókò tó dé. Òfìfo ni ibi àkókò tó lọ.

Stephen ṣí fìlà lórí. "Ìyá Grace," ló wí, "ọkọ yín lọ wá obìnrin yìí ni."

Oyèrónkẹ́ tún wo òfìfo náà. Bí obìnrin náà bá wà lórí òkè yìí lókùú ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, ó wọkọ̀ ní Takie, ó di Ọ̀yọ́. Ó ń béèrè títí ó fi dé ilé Tíṣà Waliyat, ó sì bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń sá aṣọ, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ara rẹ̀ le koko.

Nígbà tó gbọ́ pé nítorí Òkè Agbe ni àlejò òun ṣe wá, inú Waliyat dùn. Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì òun lọ síbẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà.

"Bàbá tó mọ̀nà yẹn ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Mo ti ròyìn wọn fún gbogbo ènìyàn."

Oyèrónkẹ́ gbé omi náà sílẹ̀ láìmu ún.

"Tíṣà, nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ mú ewé kúrò ní oríta?"

Waliyat fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbàgbé, mà. Òjò ti ṣú, n kò bá ẹnikẹ́ni ní ahéré, ọkọ̀ akóṣu kan sì ń kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo bá sáré fò sí i. Ṣé bàbá ń bínú sí mi ni?"

"Kò bínú," ni Oyèrónkẹ́ wí. "Ó wá yín lọ. Kò padà bọ̀."

Ẹ̀rín kò tètè kúrò lójú Waliyat, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín aṣọ tútù, tí ó ń pe Ìnnà lílláhì lábẹ́ ẹnu. Ìyá rẹ̀ jáde wá, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Oyèrónkẹ́ pé kó má ṣe mú ọmọ òun dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, pé ìgbàgbé ni, kì í ṣe ìwà ìkà. Oyèrónkẹ́ ní òun kò wá ọlọ́pàá. Ẹnu Tíṣà nìkan ni òun ń fẹ́, kó sọ ọ́ ní Ìkòyí-Ilé bí ó ti rí. Ìyá kọ̀. Ṣùgbọ́n Waliyat ti dìde, ó ti fa ìborùn rẹ̀ wọ̀.

Ọlọ́runnísọ̀lá ń yín àgbàdo níwájú ilé nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì dé. Kò wo ojú aya àbúrò rẹ̀. Waliyat kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún háhá àgbàdo, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì fi ọ̀kan pa mọ́.

"Èmi ni wọ́n ń wá, Bàbá," ló fi parí rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo ti délé, tí mò ń jẹun, nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ mi lórí òkè."

"Apá wo lo sọ pé o gbà nígbà tí ò ń gùn ún?"

"Apá ọ̀tún."

Ọkùnrin náà kò yín àgbàdo mọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Wáyà yẹn, tèmi ni. Ọ̀nà apá ọ̀tún ni mo dẹ ẹ́ sí. Ọjọ́ tí ọ̀gá ará Ọ̀yọ́ gbé e fi hàn wá ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo mọ bí mo ṣe ń ta kókó. Adébóyè fà á tu bó ti ń gùn lọ ni. Pàkúté kì í kọjá lójú rẹ̀ kó má fà á tu. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Oyèrónkẹ́ ti rò pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ara òun yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Títí di àná, ó rí irọ́ bá jà. Irọ́ ti ṣubú báyìí, ó wá ku òun àti òkú.

Ọlọ́runnísọ̀lá dọ̀bálẹ̀ fún aya àbúrò rẹ̀, ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí ní agboolé náà. Ó ní bí ilẹ̀ ọ̀la bá ti mọ́, òun yóò lọ sí Ọ̀yọ́, òun yóò jẹ́wọ́ fún ìjọba, kódà bí wọ́n bá máa tì òun mọ́lé. Ó ní àwọn yóò lọ hú òkú náà, àwọn yóò gbé e wálé, àwọn yóò sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn.

"Ẹ lọ sí Ọ̀yọ́, Bàbá," ni Oyèrónkẹ́ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ má hú u. Ẹ jẹ́ kó sinmi níbi tó wà. Ó ti rìn tó."

Ó fa Waliyat dìde, ó gbọn háhá àgbàdo kúrò lára aṣọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì lọ dúró de ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.