Kókó Tó Hù Lábẹ́ Etí Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, mo fẹ́ ro ohun tí ojú mi ti rí fún yín. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín o. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín, kó dákun wá mi wá lọ́jọ́ mìíràn.

Tíṣà ni mí ní Ìperu, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mú kí ọmọ kún kíláàsì débi pé àwọn mìíràn ń jókòó sílẹ̀. Primary One ni wọ́n fún mi. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ní a, b, d, títí yóò fi lè kàwé. Màá ní kí wọ́n wo ẹnu mi. Màá pa ètè pọ̀, màá pe “b”. Màá fi eyín tẹ ètè ìsàlẹ̀, màá pe “f”. Àwọn náà á wò mí, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí inú ṣe ń dùn tó tí ọmọ bá mọ̀wé láti ẹnu ẹni?

Onídìrí ló kọ́kọ́ rí kókó náà. Ó ń dirun fún mi ni ọwọ́ rẹ̀ bá bà á lábẹ́ etí mi òsì, ló bá bi mí pé, “Anti, kí ló wú síbí?” Mo fọwọ́ kàn án. Ó le, ó ń yí lábẹ́ ìka bí èkùrọ́. Kò dùn mí rárá.

Màmá mi, tí wọ́n ń ta obì ní Ṣágámù, ní ṣegede ni. Wọ́n po búlúù ìfọṣọ, wọ́n fi kùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣé ẹ mọ ṣegede? Ó máa ń dùn, ó máa ń mú ibà wá, tó bá sì ṣe díẹ̀, á lọ. Èyí ò dùn, kò mú ibà wá, kò sì lọ. Ọdún yípo, ó tún yípo, ohun tó dà bí èkùrọ́ wá tó ẹyin adìẹ. Mo ń fi ìborùn dí i. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé jẹjẹrẹ ni, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n lọ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà.

Ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní factory kan lọ́nà Ògijo, ló fagídí mú mi. Wọ́n ní, “Ìyá Dúpẹ́, tó bá jẹ́ ikú ni, jẹ́ ká mọ̀ pé ikú ni. Èyí tí à ń ṣe yìí ti sú mi.”

A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà jókòó tì wá, ó ṣàlàyé. Ó ní abẹ́ etí níbí wà lára ibi tí itọ́ ti ń sun wá sẹ́nu, pé ibẹ̀ ni kókó náà ti hù. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kí a yọ ọ́, torí tí a bá fi í sílẹ̀ ó lè yí padà di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀la. Ó tún ní iṣan tó ń mú ojú àti ẹnu ṣiṣẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, kókó náà sì ti tóbi, ó ti fún mọ́ iṣan ọ̀hún. Àwọn á ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmọ́ àwọn ò lè búra pé iṣan náà ò ní fara pa.

Ṣé mo gbọ́ apá kejì yẹn? Etí mi gbọ́ ọ. Ọkàn mi ò gbà ju “kì í ṣe jẹjẹrẹ” lọ. Bàbá Dúpẹ́ sunkún ayọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀.

Nígbà tí mo jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo tọrọ omi. Mo gbé ife sẹ́nu, omi ń ṣàn láti igun ẹnu mi òsì bọ́ sí mi láyà, mi ò sì mọ̀. Bàbá Dúpẹ́ ló nù ún. Wọn ò wojú mi. Mo bèèrè dígí, wọ́n ní kò sí.

Ilé ni mo ti wá rí i. Ojú òsì ò lè pa dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rọ sílẹ̀ bí aṣọ tútù. Bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, apá ọ̀tún á lọ, apá òsì á dúró. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó bọ̀ sípò ní oṣù mélòó kan. Mo dúró dè é. Ọyẹ́ dé, eruku ń wọ ojú tí kò lè pa dé, mo ń faṣọ dì í kí n tó sùn. Ó tún wá di pé tí mo bá ti ń jẹun, òógùn á máa bọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn nìkan. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, iṣan itọ́ ló ṣìnà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun nìyẹn.

Àwọn ará ìjọ wá kí mi. Gbogbo wọn ní kí n dúpẹ́, pé ẹ̀mí ò bọ́. Wọn ò parọ́. Àmọ́ ẹni tó dúpẹ́ tán tó tún ń sunkún, kí ló fẹ́ pe ara rẹ̀? Aláìmoore?

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo padà sí kíláàsì. Ọmọ tuntun ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó mọ ojú mi àtijọ́. Mo ní kí wọ́n wo ẹnu mi. Mo pe “b”. Ètè ò pa dé, afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Gbogbo kíláàsì yí ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì pe ohun tí mo pè gẹ́lẹ́.

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ wí. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Ọmọbìnrin kan wà níwájú, Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó rí i pé ẹnu òun ò wọ́ tó tèmi, ló bá fìka fa igun ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, ó dì í mú, ó wá pè é. Ó ń wò mí, ó ń retí kí n yìn ín. Mo ní ó káre. Mo kọjú sí pátákó, mo ń kọ ohun tí mi ò mọ̀.

Kò pẹ́ ni ìyá Bọ́sẹ̀ wá. Mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, mo ń to ìwé. Ó kí mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Anti, Bọ́sẹ̀ ń yí ẹnu sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ̀rù ń bà wá pé àìsàn kan ló kọ lù ú. Ṣé ẹ̀yin náà ti…” Mo yíjú sí i. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀. Mo ní kó dìde, pé kò ṣẹ̀ mí. Ó ń bẹ̀ mí, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wa pé kí wọ́n gba kíláàsì náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, Tíṣà, ojú yín á bọ̀ sípò.” Mo ní, “Ọ̀gá, kó tó bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ á ti wọ́ mọ́ àwọn ọmọ yìí lẹ́nu.” Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọbìnrin àgbà ni wọ́n fún mi. Mo ń jókòó ní fàráńdà, mo ń gbọ́ ohùn kíláàsì mi lọ́wọ́ tíṣà tuntun. “B” wọn mọ́ gaara. “F” wọn mọ́ gaara. Mo ń rán etí aṣọ.

Ojú mi ò bọ̀ sípò. Mi ò kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Dúpẹ́ ò fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dápàárá nílé, mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, ohun tí mo rò ni pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ẹ̀rín mi gbẹ̀yìn.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹni tí nǹkan bá wú sí lábẹ́ etí, tí kò dùn ún, tó sì kọ̀ tí kò lọ, kó tètè lọ fi han dókítà nígbà tó ṣì kéré. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kí ẹni tí àìsàn ò pa, ẹ má tíì ní kó dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí àìsàn náà mú lọ.

Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí nínú yín? Ẹ sọ fún wa. Tí ẹnu yín ò bá sì gbà yín láyè láti sọ ọ́, ẹ kọ ọ́. Èmi náà, ṣe ni mo kọ èyí.