Ẹni tó ń pe Okdan láti ìta

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé Okdan ń gba owó ibùsùn nílé ọtí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ àti ọtí ni èrò ń sanwó fún. Ilẹ̀ yàrá, tí iná ààrò ń mú gbóná láti abẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ìsàlẹ̀ òkè Gomjae ni ilé náà wà, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dá òkè yẹn gùn, nítorí ẹkùn. Èrò á jókòó nílé Okdan, wọn á máa mu ọtí ìrẹsì tó ń pọn fúnra rẹ̀, títí wọn yóò fi pọ̀ tó láti jọ kọjá.

Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni. Bí oníbàárà bá ní ọbẹ̀ ti tutù, á ní, "Ẹnu yín ni kò sinmi. Ṣé ọbẹ̀ á máa retí ìgbà tí ìtàn yín á parí ni?"

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹnu rẹ̀ kò mú mọ́. Eokswe ọkọ rẹ̀ ti bá èrò lọ sí òdìkejì òkè, ó gbé ewéko òkun lọ fún Deoksun, ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí wọ́n fi se ọbẹ̀ fún un. Àwọn tí wọ́n jọ ń padà bọ̀ dé ní ọjọ́rọ̀, yìnyín lórí wọn. Eokswe kò sí láàárín wọn.

Ma oníyọ̀ ló sọ̀rọ̀, kò sì lè wo ojú rẹ̀. "Ìyá Deoksun, ẹ má bínú. Ó yà sínú igbó láti tọ̀. A gbọ́ tí ẹkùn bú, a gbọ́ tó ké. A sá."

"Ẹ ò padà wò ó?"

"Ta ló máa padà?"

Okdan jókòó sẹ́bàá ààrò. Ẹkún kò wá. Ó ń ro ọbẹ̀ inú ìkòkò ṣáá, bí ẹni pé bí òun bá dáwọ́ dúró, ọ̀rọ̀ náà á di òótọ́.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ohùn kan dún láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Ìyá Deoksun."

Ohùn Eokswe ni. Okdan nà dìde. Gu oníṣòwò màlúù, tó ti ń mutí láti ọ̀sán, fò lọ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá olọ́tí, ẹ jókòó. Ṣé ẹ fẹ́ pa gbogbo wa ni?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ yín ni tẹ́lẹ̀."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní agbègbè náà. Ẹni tí ẹkùn bá jẹ, iwin rẹ̀ á di ìránṣẹ́ ẹkùn, kò sì ní rí ìtúsílẹ̀ àfi tó bá mú ẹlòmíràn wá rọ́pò ara rẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ wá. Ohùn rẹ̀ kì í yí padà. Ohun kan ṣoṣo ni a fi ń dá a mọ̀: iwin kì í pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹni tó wà láàyè ló ń pè lẹ́ẹ̀kẹta. Okdan fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ gbogbo èrò tó bá wọlé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì í sọ, á tún un sọ fún un.

"Ìyá Deoksun o."

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn," Ma wí wẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ ká dúró. Tó bá jẹ́ òun ni, á tún pè."

Wọ́n dúró. Igi ń ta nínú iná. Okdan fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí ìdáhùn má baà bọ́ níbẹ̀. Bí ó bá ṣílẹ̀kùn fún iwin, ó kú, àwọn tó wà nínú ilé náà kú. Bí ó bá sì jẹ́ ènìyàn ni, òtútù kò ní jẹ́ kó rí òwúrọ̀.

Ìpè kẹta kò wá.

"Ẹ ti rí i," Gu wí. Ó gbé ife sẹ́nu, ọtí dà sí i nírùngbọ̀n. "Iwin ni."

Ṣùgbọ́n ìpè kejì ti lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Okdan sì ń rò ó: kò tíì sí ẹni tó sọ fún òun rí pé ó máa ń rẹ iwin. Ó fa igi iná yọ nínú ààrò.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi sẹ́yìn," ó wí. "Tí mo bá pè yín, ẹ má dá mi lóhùn."

Wọ́n tì í lóòótọ́. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó tọ ara ògiri lọ títí dé ẹ̀yìn òkìtì igi ìdáná. Ọkùnrin kan dojú dé síbẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan kò sí, ẹ̀jẹ̀ ti dì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Okdan yí ojú rẹ̀ sókè, ó mú iná sún mọ́ imú rẹ̀. Èémí jáde, funfun.

Ó wọ́ ọ títí dé ẹnu ọ̀nà. "Ma, ẹ ṣílẹ̀kùn." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní láti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i.

Wọ́n tẹ́ Eokswe síbi tó gbóná jù. Gu gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí ògiri òdìkejì, kò sì mú ojú kúrò lára Eokswe. Ẹkùn ti ya á nítan, ó yí bọ́ sí kòtò jíjìn tí ẹranko náà kò lè tẹ̀ lé e dé, ó sì rákò wálé.

Okdan ń fi ṣíbí fún un ní omi ọbẹ̀. "Bàbá Deoksun, kí ló dé tí ẹ ò pè lẹ́ẹ̀kẹta?"

"Mò ń gbọ́ ohùn yín nínú ilé. Mo rò pé ẹ ń bọ̀." Ó gbé omi mì. "Ìpè wo lo kọ́kọ́ gbọ́?"

Okdan fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí náà, ó tún fẹ́ ẹ.

"Ìpè àkọ́kọ́."

Eokswe wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ya ẹnu fún ṣíbí.