Àpótí Irin ní Pápá Àjàó

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà kan wà ní Pápá Àjàó tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wọn nǹkan, kí wọ́n tó fa téèpù yọ. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi ló ń rojọ́, téèpù kàn ń jẹ́rìí ni."

Amúlétutù ni mò ń tún ṣe. Mo fẹ́ àpótí tí kò wọ́n, tí màá máa kó irinṣẹ́ sí lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, owó tí wọ́n dá lé e rọ̀ mí lọ́rùn, mo sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo rí àpótí rọ́bà tó tún pọ́ọ́kú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Òtò, mo rà á. N ò pè wọ́n. Mo kàn ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá ni.

Nígbà tí oòrùn mú kí àpótí rọ́bà náà sán, mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n. Àpótí mi ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti kùn ún, wọ́n fi tapólì bò ó kó má baà dípẹtà.

Ìyàwó wọn ní, "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ rà á. Bàálé mi kọ̀, wọ́n ní ó ní ẹni tó ni ín."

Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ara rẹ ò yá ni, àbí? Mo ti sọ fún àwọn tó fẹ́ rà á pé àìsàn ló dá ẹ dúró."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì ń gbàdúrà ìlera fún mi. Èmi náà ń ṣe àmín.